Nígbà tí 1 kan di 0, tí onígun mẹ́ta di òbìrípo

Ìbéèrè náà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀ (eigenvalue tó mẹ́nu bà ni nọ́ńbà tí mátíríìsì fi ń sọ fẹ́kítọ̀ kan di púpọ̀ láìṣe nǹkan míì sí i):

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé bí a bá fi rọ́bà yí gbogbo eigenvalue mátíríìsì kan ká, ohun tó wà nínú rọ́bà yẹn ni numerical range rẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà ya ti mátíríìsì onílà mẹ́ta kan: 0 1 0 ní ìlà kìíní, 0 0 1 ní ìlà kejì, 1 0 0 ní ìlà kẹta. Onígun mẹ́ta ló yà, bí mo ṣe rò pé yóò rí gẹ́lẹ́. Mo wá sọ 1 tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì di 0. Gbogbo eigenvalue di 0, mo sì ń retí ojú àmì kan ṣoṣo, àmọ́ òbìrípo ńlá ló yà fún mi. Ṣé ètò kọ̀ǹpútà mi ló ní àṣìṣe ni? Ṣé ọ̀nà sì wà tí èèyàn fi lè mọ bí àwòrán náà yóò ṣe rí kó tó yà á? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín 1 sí 0?"

Àbúrò mi, ètò rẹ kò ní àṣìṣe. Òbìrípo ló yẹ kó yà, àárín rẹ̀ wà ní 0, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ sì jẹ́ 0.707. Lọ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ohun tó dà ọ́ láàmú ni pé òfin rọ́bà tí wọ́n kọ́ yín kì í ṣe ti gbogbo mátíríìsì. Ìdílé kan ló ni ín, ìdílé tí à ń pè ní normal. Mátíríìsì rẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ìdílé yẹn. Gbàrà tí o sọ 1 yẹn di 0, o ti mú un kúrò nínú ilé.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mú mátíríìsì A, mú fẹ́kítọ̀ x tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, ṣírò Ax, kí o wá wo bí Ax ṣe dojú kọ ọ̀nà tí x dojú kọ tó. Nọ́ńbà x*Ax ló ń sọ ìyẹn. Àmì ìràwọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé a da òpó dùbúlẹ̀ kó di ìlà, a sì yí àmì i (nọ́ńbà tí i × i jẹ́ −1) padà nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Ṣe èyí fún gbogbo x tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, má yọ ọ̀kankan sílẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà tó bá jáde, tí o tò wọ́n sórí pẹrẹsẹ àwọn nọ́ńbà complex (tó ní apá gidi àti apá i), ni numerical range, tí a máa ń kọ ní W(A). Fẹ́kítọ̀ náà lè ní nọ́ńbà complex nínú. Di ìyẹn mú dáadáa, torí ẹni tó bá fi fẹ́kítọ̀ onínọ́ńbà gidi nìkan ṣe é yóò rí ìlà tín-ín-rín níbi tó yẹ kó ti rí òbìrípo.

Pé eigenvalue wà nínú W(A) kò gba àlàyé púpọ̀. Bí Ax bá jẹ́ λx, x*Ax yóò jẹ́ λ. Àmọ́ àwọn x tó jẹ́ ti eigenvalue kò tó nǹkan nínú gbogbo x tó wà, àwọn yòókù náà sì ní ohun tí wọ́n ń sọ.

Mátíríìsì tó kéré jù lọ tí ìṣòro rẹ ti hàn ni èyí: 0 1 lókè, 0 0 nísàlẹ̀. Jẹ́ ká pè é ní J₂. Fi a sókè fẹ́kítọ̀ x, fi b sísàlẹ̀, kí |a|² + |b|² jẹ́ 1. J₂ gbé b lọ sókè, ó sì fi 0 sí ipò rẹ̀. Nítorí náà x*J₂x jẹ́ a (lẹ́yìn tí a ti yí àmì i rẹ̀ padà) tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú b. Ìwọ̀n rẹ̀ ni |a||b|. Èyí kò lè ju 1/2 lọ, torí pé nígbà tí |a|² àti |b|² bá ń pín 1 láàárín ara wọn, ìgbà tí wọ́n bá pín in dọ́gba ni |a||b| máa ń ga jù. Ó sì lè jẹ́ iye yòówù láti 0 títí dé 1/2. Ọ̀nà tí nọ́ńbà náà kọjú sí ńkọ́? Ìwọ lo máa pinnu ìyẹn: yí b ká lójú pẹrẹsẹ bó ṣe wù ọ́, gígùn x kò ní yí padà, àmọ́ nọ́ńbà náà yóò máa bá ọ yí 0 ká. Nígbà tí o bá parí, òbìrípo kan ti kún látòkè délẹ̀, àárín rẹ̀ 0, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ 1/2. Eigenvalue rẹ̀ sì jẹ́ 0 lẹ́ẹ̀mejì.

Rọ́bà tó bá yí 0 ká kò ní ju ojú àmì kan lọ. Ohun tó wà láàárín ojú àmì yẹn àti òbìrípo yìí ni ohun tí eigenvalue kò lè sọ fún ọ nípa J₂: pé mátíríìsì yìí lè gbé fẹ́kítọ̀ kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìdín gígùn rẹ̀ kù rárá, kó tó wá pa á rẹ́ nígbà kejì. Eigenvalue ń wo ìgbẹ̀yìn. W(A) ń wo ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́.

Òfin tó wà fún gbogbo mátíríìsì láìyọ ìdílé kankan sílẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ èyí tó wà lágbára gan-an. Bí o bá mú ojú àmì méjì nínú W(A), ìlà tó so wọ́n pọ̀ kò ní jáde síta níbi kankan. Ọmọ Jámánì méjì ló fi èyí hàn: Otto Toeplitz fi hàn ní 1918 pé etí ìta rẹ̀ kò ní ibi tó tẹ̀ wọnú, Felix Hausdorff sì parí rẹ̀ ní 1919, ó fi hàn pé kò sí ihò nínú rẹ̀. Bí gbogbo eigenvalue bá wà nínú W(A), tí W(A) kò sì tẹ̀ wọnú, a jẹ́ pé ohun tó wà nínú rọ́bà gbọ́dọ̀ wà nínú W(A) pẹ̀lú. Rọ́bà kò lè tóbi jù ú lọ láé. Ìgbà tí méjèèjì dọ́gba ni ìbéèrè.

Wọ́n dọ́gba nínú ìdílé normal, ìyẹn àwọn mátíríìsì tí AA* àti A*A wọn jẹ́ ọ̀kan náà (A* ni A tí ìlà rẹ̀ di òpó, tí àmì i inú rẹ̀ sì yí padà). Ìdí rẹ̀ kúrú. Mátíríìsì normal ní fẹ́kítọ̀ eigenvalue tó tó láti dúró bí òpó ilé, gbogbo wọn ní gígùn 1, wọ́n sì dúró ní igun 90° sí ara wọn. Pín x sórí àwọn òpó yẹn. Ìpín tó bọ́ sí orí òpó kọ̀ọ̀kan, tí a bá fi ìwọ̀n rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kò lè dín ju 0, àròpọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ 1. x*Ax kò wá jẹ́ nǹkan míì ju ìpíndọ́gba eigenvalue lọ, tí oníkálukú ti gbé ìwọ̀n tirẹ̀ wá. Gbogbo ìpíndọ́gba bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rọ́bà, gbogbo ohun tó wà nínú rọ́bà ló sì jẹ́ ìpíndọ́gba bẹ́ẹ̀. Fún mátíríìsì Hermitian, ìyẹn èyí tó dọ́gba pẹ̀lú A* rẹ̀, tí eigenvalue rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà gidi, W(A) jẹ́ ìlà láti eigenvalue tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Fún unitary, ìyẹn èyí tí kì í yí gígùn fẹ́kítọ̀ kankan padà, ó jẹ́ onígun púpọ̀ tí gbogbo igun rẹ̀ wà lórí òbìrípo rédíọ́ọ̀sì 1. Ibẹ̀ ni mátíríìsì rẹ àkọ́kọ́ wà: iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju kó yí ipò nọ́ńbà mẹ́ta po lọ, eigenvalue rẹ̀ sì ni nọ́ńbà mẹ́ta tí z × z × z wọn jẹ́ 1. Igun kan wà ní 1, méjì yòókù wà ní −1/2 + 0.866i àti −1/2 − 0.866i. Bí o bá yí ipò nọ́ńbà márùn-ún po lọ́nà kan náà, onígun márùn-ún ni yóò jáde.

Fi ojú ara rẹ wo mátíríìsì kejì báyìí. AA* rẹ̀ ní 1, 1, 0 lórí dáyágónà (ìlà tó lọ láti òkè lápá òsì dé ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún); A*A rẹ̀ ní 0, 1, 1. Wọn kò dọ́gba. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yìí gbà, ó sì yẹ kí o máa ṣe é kí o tó mú rọ́bà jáde.

Báwo wá ni a ṣe mọ̀ pé òbìrípo ni yóò jáde, àti pé 0.707 ni? Ọ̀nà tí èmi ń gbà wò ó, tó sì jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń gbà yà á láti ìgbà tí Charles Johnson ti kọ nípa rẹ̀ ní 1978, ni pé kí o rò ó bí ẹni tó ń ti rúlà kan láti ọ̀tún títí tí rúlà yóò fi kan ohun tó wà lórí tábìlì. Apá gidi x*Ax jẹ́ x*Hx, níbi tí H ti jẹ́ ìdajì àròpọ̀ A àti A*. H jẹ́ Hermitian, nítorí náà ibi tí rúlà yóò dúró sí ni eigenvalue H tó tóbi jù. Tí o bá fẹ́ mọ ibi tí rúlà yóò dúró láti ọ̀nà míì, yí àwòrán náà po: sọ A di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà complex tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1, kí o tún ṣe ohun kan náà. Rúlà tí o tì láti ọgọ́rùn-ún ọ̀nà yóò ti gé àwòrán náà jáde fún ọ.

Mátíríìsì rẹ kejì, J₃, ní H tí 1/2 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyágónà lókè àti nísàlẹ̀. Eigenvalue rẹ̀ tó tóbi jù jẹ́ cos(π/4), ìyẹn 0.707. Tí o bá yí A po ńkọ́? Kò sí nǹkan tó yí padà. Nọ́ńbà tí o fi yí i po lè wọ inú mátíríìsì dáyágónà kan tó jẹ́ unitary, kó sì pòórá síbẹ̀, torí 1 méjèèjì tó wà nínú J₃ tò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn, wọn kò padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Rúlà dúró ní 0.707 láti gbogbo ọ̀nà. Ohun tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ nǹkan míì ju òbìrípo lọ. Fún mátíríìsì irú yìí tó ní ìlà n, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ cos(π/(n+1)): 0.5 fún J₂, 0.707 fún J₃, 0.959 nígbà tí ìlà bá pé 10, ó sì ń sún mọ́ 1 láìdé ibẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ni eigenvalue jókòó sí 0, tí kò mì.

Nínú mátíríìsì rẹ àkọ́kọ́, 1 tó wà nísàlẹ̀ ló sọ àtẹ̀gùn yẹn di àyíká. Ọ̀nà tó padà sílé yẹn ló so àwòrán náà mọ́ ìtọ́ka mẹ́ta péré, òun ló sì bí igun mẹ́ta.

Bí o bá fi b sí gbogbo ipò tó wà lábẹ́ dáyágónà gẹ́lẹ́, tí o fi c sí gbogbo ipò tó wà lókè rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ibi yòókù sì jẹ́ 0, W(A) yóò di ẹ́lípìsì, ìyẹn òbìrípo tí a fà gùn. Ìdajì gígùn rẹ̀ jẹ́ (|b| + |c|) tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú cos(π/(n+1)), ìdajì ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìyàtọ̀ |b| àti |c| tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú iye kan náà. Eigenvalue méjì tó wà ní ìkángun ni fókọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn ojú àmì méjì inú rẹ̀ tí a fi ń ya ẹ́lípìsì. Bí b bá kéré títí tó fi di 0, ẹ́lípìsì náà á yí padà di òbìrípo J. Bí b àti c bá dọ́gba ní ìwọ̀n, á pẹlẹbẹ di ìlà, a sì ti padà sílé normal.

Ẹ́lípìsì náà ni mátíríìsì onílà méjì, gbogbo wọn pátá. Eigenvalue méjèèjì ni fókọ́ọ̀sì. Ìbú rẹ̀ rọrùn láti rí: W(A) kì í yí padà bí a bá fi U*AU rọ́pò A, níwọ̀n bí U bá ti jẹ́ unitary, torí pé gbogbo fẹ́kítọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1 la ti kà tẹ́lẹ̀. Lo irú U bẹ́ẹ̀ láti sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lápá òsì di 0. Ìwọ̀n nọ́ńbà tó kù lókè lápá ọ̀tún ni ìbú ẹ́lípìsì náà gan-an, láti etí dé etí.

Jẹ́ kí n fi èyí hàn ọ́ nínú ohun tó ń rìn. Fi −1 àti 10 sí ìlà kìíní, 0 àti −2 sí ìlà kejì, kí A yìí sì máa darí nǹkan kan tó ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ, x′ = Ax. Eigenvalue rẹ̀ jẹ́ −1 àti −2. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan yóò sọ pé x yóò máa kéré sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dáa, ya ẹ́lípìsì rẹ̀: àárín rẹ̀ wà ní −1.5, ìbú rẹ̀ jẹ́ 10, gígùn rẹ̀ jẹ́ √101, tí í ṣe 10.05. Etí rẹ̀ lápá ọ̀tún dé 3.52, ó ti kọjá 0 jìnnà. Ìyára tí |x|² (gígùn x tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀) fi ń yí padà sì jẹ́ ìlọ́po méjì apá gidi x*Ax. Nítorí náà, x kan wà tó máa kọ́kọ́ dàgbà. Bẹ̀rẹ̀ láti 0 lókè, 1 nísàlẹ̀. Nọ́ńbà òkè yóò jẹ́ 10(e⁻ᵗ − e⁻²ᵗ), nígbà tí t bá sì di 0.69, ó ti gùn dé 2.5 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Eigenvalue kò purọ́, x á kú nígbẹ̀yìn. Àmọ́ ohun tó lè fọ́ bí x bá kọjá 2 ti fọ́ ná. Bí gbogbo W(A) bá wà lápá òsì 0 ni a tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé x kò ní dàgbà rárá, ní ìṣẹ́jú kankan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe nítorí ẹwà àwòrán nìkan.

Ìdílé míì wà tí ẹ́lípìsì kì í tán nínú rẹ̀, bó ti wù kí mátíríìsì náà tóbi tó: àwọn tó ń tẹ̀lé ìdọ́gba kan tí kò kọjá A². Bí A² bá jẹ́ 0, W(A) jẹ́ òbìrípo tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ìdajì nọ́ọ̀mù A, ìyẹn gígùn tó pọ̀ jù tí Ax lè ní nígbà tí gígùn x jẹ́ 1. Bí A² bá jẹ́ A, tí A kì í ṣe 0 tàbí I (mátíríìsì tí kì í yí fẹ́kítọ̀ kankan padà), ẹ́lípìsì ni, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ wà ní 0 àti 1, gígùn rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú nọ́ọ̀mù A. Bí nọ́ọ̀mù yẹn bá jẹ́ 1, ẹ́lípìsì náà di ìlà láti 0 dé 1, ìyẹn ni pé A ń ju òjìji fẹ́kítọ̀ sílẹ̀ tààrà, kò ju u ní ẹ̀gbẹ́.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tó kàn yóò jẹ́: ṣé a lè yí i padà, kí a sọ pé bí W(A) bá dọ́gba pẹ̀lú rọ́bà, A gbọ́dọ̀ jẹ́ normal? Títí dé mátíríìsì onílà mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni. Moyls àti Marcus ti fi ìyẹn hàn ní 1955. Ní ìlà márùn-ún, ó já. Mátíríìsì tìrẹ gan-an ló sì já a. Gbé mátíríìsì rẹ àkọ́kọ́ kalẹ̀ lápá òkè ní òsì, gbé J₂ sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀tún, fi 0 kún ibi yòókù. Nígbà tí a bá to mátíríìsì méjì báyìí, W rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó yí W àwọn méjèèjì ká. Wọ̀n bí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan onígun mẹ́ta rẹ ṣe jìnnà sí 0 tó: 1/2 gẹ́lẹ́ ni. Rédíọ́ọ̀sì òbìrípo J₂ náà jẹ́ 1/2. Òbìrípo náà jókòó sínú onígun mẹ́ta, ó fara kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yọ jáde níbi kankan. W jẹ́ onígun mẹ́ta, rọ́bà eigenvalue jẹ́ onígun mẹ́ta kan náà, mátíríìsì náà kò sì jẹ́ normal, torí J₂ sá pa mọ́ sínú rẹ̀.

Ìdí tí èyí kò fi lè ṣẹlẹ̀ ní ìlà mẹ́rin wà lọ́wọ́ àwọn igun. Donoghue fi hàn ní 1957 pé ibi yòówù tí W(A) bá ti ní igun mímú, eigenvalue ló wà níbẹ̀, irú eigenvalue bẹ́ẹ̀ sì máa ń yọ ara rẹ̀ kúrò nínú mátíríìsì, kó dá dúró bí ẹyọ nọ́ńbà kan lórí dáyágónà. Onígun mẹ́ta nínú mátíríìsì onílà mẹ́rin yóò yọ nọ́ńbà mẹ́ta, yóò ku ẹyọ kan; ẹyọ kan kò lè fi J₂ pa mọ́. Onígun mẹ́rin á yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí W(A) bá sì jẹ́ ìlà, mátíríìsì náà jẹ́ Hermitian tí a yí po tí a sì sún kúrò ní ipò, normal náà sì nìyẹn.

Ní ìlà mẹ́ta, lẹ́yìn àwọn tó ti tú sí wẹ́wẹ́ bí mo ṣe sọ yìí, Rudolf Kippenhahn fi hàn ní 1951 pé irú ìrísí mẹ́ta ló kù: ẹ́lípìsì, ohun tó ní ẹ̀gbẹ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti ohun tó rí bí ẹyin. Ó fi hàn pé etí W(A) máa ń jáde láti inú ìlà ìtẹ̀ kan tí ìdọ́gba rẹ̀ ti ara H àti apá i mátíríìsì náà wá. Ọkùnrin yìí fi ìṣirò sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó di onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ṣì ni gbogbo wa ń padà sí. Àyẹ̀wò tó ń sọ èyí tí mátíríìsì rẹ jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lọ́dún 1997, láti ọwọ́ Keeler, Rodman àti Spitkovsky.

J₂ kékeré yẹn ṣì wà nínú ìbéèrè kan tí kò tíì yanjú. Michel Crouzeix sọ ní 2004 pé bí o bá fi A sínú pólínómíà p èyíkéyìí, nọ́ọ̀mù p(A) kò ní ju ìlọ́po méjì iye tó ga jù tí p ní lórí W(A) lọ. Ní 2007, òun fúnra rẹ̀ fi hàn pé kò lè ju ìlọ́po 11.08. Ní 2017, òun àti César Palencia mú un wá sí 1 + √2, ìyẹn 2.414. Láti 2.414 sí 2 ni gbogbo ayé ti dúró. Pé a kò lè lọ sísàlẹ̀ 2, ìwọ fúnra rẹ lè fi hàn báyìí: mú p(z) = z. Nọ́ọ̀mù J₂ jẹ́ 1, iye tó ga jù lórí òbìrípo rẹ̀ jẹ́ 1/2.

Ó ku ohun tí o béèrè gbẹ̀yìn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín 1 sí 0. Fi t sí ipò yẹn. Bí o ṣe ń dín t kù láti 1, eigenvalue mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sún mọ́ 0, ìwọ̀n wọn jẹ́ nọ́ńbà r tí r × r × r jẹ́ t. Etí W(A) lápá ọ̀tún ní tirẹ̀ jẹ́ ìdajì (t/2 + √(t²/4 + 2)). Nígbà tí t jẹ́ 1/2, eigenvalue wà ní 0.794, etí W wà ní 0.843. Nígbà tí t dé 0, eigenvalue ti wọlé sí 0, etí W sì dúró sí 0.707.

Ìgbà wo ni igun mẹ́ta náà wá yí róbótó? Ojú lè rò pé díẹ̀díẹ̀ ni. Àmọ́ wò ó: W(A) yìí kì í yí padà bí o bá fi ìdá mẹ́ta àyíká yí i po. Bí igun mímú kan bá ṣẹ́ kù, mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ eigenvalue, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yọ ara wọn sọ́tọ̀, A á sì di normal. Bẹ́ẹ̀, AA* ní 1, 1, t² lórí dáyágónà, A*A ní t², 1, 1. Wọn kò dọ́gba àyàfi bí t² bá jẹ́ 1. Nítorí náà kò sí igun mímú kankan mọ́, láti ìgbà tí t ti kúrò ní 1 díẹ̀ bó ti wù kó kéré tó. Dán 0.99 wò. Kọ̀ǹpútà rẹ yóò ya ohun tí ìwọ yóò búra pé onígun mẹ́ta ni. Fa àwòrán náà sún mọ́ ojú rẹ níbi igun ọ̀tún: eigenvalue wà ní 0.996655, etí W wà ní 0.996670. Nínú àlàfo 0.000015 yẹn ni etí rẹ̀ ti ń yí róbótó.